Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Àròsọ Ayé Àtijọ́ Tí Ìfẹ́ àti Èrò Jọ Ń Gbé Inú Rẹ̀

Ibì kan náà ló sábà máa ń bàjẹ́ sí. Ọkùnrin àti obìnrin ti pàdé lọ́nà odò, omi ti dà nù, ẹ̀rín ti bọ́, ara ti ń yá ẹni tó ń kà á. Wọ́n wá jókòó sábẹ́ igi ọdán. Ọkùnrin la ẹnu, ó ní: "Olólùfẹ́ mi, ṣé o mọ̀ pé òmìnira ni ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀dá?" Obìnrin fi ìpínrọ̀ mẹ́ta dá a lóhùn lórí àyànmọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìtàn ti kú, àpérò ló kù.

Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ fún, ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn èèyàn yìí ń bá sọ̀rọ̀?" Mo wò suu. Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò lókè lálàpà, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò: Abẹ́òkúta, láti 1859 sí 1867. Àwọn olólùfẹ́ inú rẹ̀, Àbẹ̀ní àti Jòsáyà, èmi ni mo dá wọn, wọn ò gbélé ayé rí. Àwọn ọdún, ogun àti àṣà tó yí wọn ká ló ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìbéèrè kan, lórí pépà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
- Ìlú kan, àti ọdún tí kò ju mẹ́wàá lọ. Bó bá jẹ́ ìwé yín àkọ́kọ́ ni, ẹ má gbìyànjú ìran mẹ́ta.
- Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, tó sì mú gbòòrò ní 1852. Ẹ máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí kò rí ojú ayé títí di 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹ fi ojú kan kà á, kí ẹ fi ojú kejì ṣọ́ ọ: ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wo ayé.
- Lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà). Púpọ̀ nínú wọn wà ní Yunifásítì Birmingham. Ẹni tó bá wà nílé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìkówèé-ìtàn-pamọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.
- Àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ ṣì mú, àti fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí a tó gbéra: ẹ fún ìwé kíkà ní gbèdéke. Oṣù mẹ́ta tó. Mo mọ àwọn tó ti ń ṣe ìwádìí láti bí ọdún mẹ́jọ, tí wọn ò tíì kọ gbólóhùn kan. Ìwé kíkà dùn ju ìwé kíkọ lọ, ohun tó ń dá wọn dúró nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ èrò yín di ìbéèrè tó lè tú ilé ká

"Òmìnira" kì í ṣe ìbéèrè. "Àyànmọ́" náà kọ́. Àkọlé ìwàásù ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó lè gbé ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn lè dáhùn lọ́nà méjì, tí ìdáhùn kálukú a sì mú kó jí láàárọ̀ ọ̀la lọ ṣe ohun tí èkejì ò fẹ́.

Inú ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ni mo ti rí tèmi. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Orí owó kì í dín: bó sìn fún ogún ọdún, gbèsè ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú. Ó ní ilé baba, ó ní oríkì, wọn ò lè tà á. Àmọ́ òwúrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí olówó bá sì fẹ́ fi ìwọ̀fà obìnrin ṣe aya, gbèsè yẹn lè di owó orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni mo jókòó tì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè di owó orí. Nígbà tó yá ni mo kọ ọ́ sórí pépà: *Bí mo bá san gbèsè ẹni tí mo fẹ́, ṣé mo tú u sílẹ̀ ni, àbí mo rà á?*

Jòsáyà ń kọ́ṣẹ́ níbi tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá. Ọmọ Sàró ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé. Lójú tirẹ̀, ìbéèrè yìí kò le: ó tú u sílẹ̀, ó parí. Àbẹ̀ní ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi sọfà nítorí owó ìsìnkú baba wọn. Lójú tirẹ̀, kò parí rárá.

*Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà:* wọ́n máa ń mú ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn, ojú ìwé kan á gbà á.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi ẹni méjì ní ìbéèrè náà níbi tí wọ́n ti ń gẹrun tàbí tí wọ́n ti ń dirun. Bí wọ́n bá fẹnu kò láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ya pépà yẹn. Bí ẹ bá ti san owó, tí ẹ ti ń lọ, tí wọ́n ṣì ń pariwo mọ́ ara wọn, ẹ ti rí ìbéèrè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì jẹ́ kó dí wọn lọ́wọ́

Ìdí tí mo fi mú ọdún mẹ́jọ yẹn ni pé ìlẹ̀kùn púpọ̀ ló ṣí, tó sì tì, nínú wọn. Ìparí 1859 ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn dí. Ìjàyè fọ́ ní 1862. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1864, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1867, Ifọ́lé ṣẹlẹ̀: àwọn ará ìlú fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù àwọn òyìnbó, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ọdún yẹn náà ni Ìwé Ìròhìn kú.

Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pépà. Sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kọ ohun tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe sí àwọn olólùfẹ́ yín. Nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn dí, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní tó lọ ṣòwò ní Ìbàdàn kò lè padà wá san gbèsè. Nígbà tí Dàhòmì ń bọ̀, gbogbo ọkùnrin di ọmọ ogun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú abọ̀rìṣà lórí odi kan náà. Jòsáyà àti olówó Àbẹ̀ní pín àgbá ẹ̀tù kan lò.

Bí ẹ bá ṣe èyí tán, ẹ wọ inú ọ̀sẹ̀. Ibí ni mo ti rí ohun tí n kò wá. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ méje. Mo ti fún Àbẹ̀ní ní ọjọ́ kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ tirẹ̀. Jòsáyà, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ní. Mo mú pẹ́ńsù, mo fi àmì sí i. Ọjọ́ 28 ló tó kí ọjọ́ méjèèjì tó pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá péré lọ́dún ni wọ́n lè jókòó pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́! Kò sí ẹni tó tún nílò láti wàásù fún òǹkàwé pé ayé méjì ń fa àwọn ọmọ yìí ya.

*Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà:* Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn yín mọ ọdún. Àbẹ̀ní kò mọ ohun tó ń jẹ́ 1862. "Ọdún tí Ìjàyè fọ́" ni yóò wí, bóyá kó tún fi kún un pé ọdún yẹn ni eyín òun ọ̀tún ká.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ọwọ́ bo ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí pépà. Bí ìfẹ́ wọn bá ń lọ geere bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ pa ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn rẹ́. Mo ní orí ìwé kan gbáko lórí bí Èkó ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Ó dùn mí wọra láti yọ ọ́. Kò kan ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jàre

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìwé yìí nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: ọkùnrin Sàró mú ìmọ́lẹ̀ dé, ọmọbìnrin ilé yanu, ó ń dúpẹ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó pe ẹlẹ́rìí.

Ẹ fún kálukú ní ìdí tó ti inú ara wá. Ti Jòsáyà: wọ́n ta baba rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n já a sí Freetown, ní Sàró. Ìtàn irú ẹ̀ pọ̀. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun, 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25. Ọmọ tó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ láti kékeré, inú rẹ̀ á máa rú bó bá gbọ́ pé "wọ́n fi ọmọ ènìyàn dúró dè owó".

Ti Àbẹ̀ní wá ńkọ́? Ká ní ó sá lóru pẹ̀lú Jòsáyà, bí Jòsáyà ṣe kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ológò á ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ológò ni ẹni tí olówó ń rán láti lọ jókòó ti onígbèsè: á tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, á máa pa adìẹ tó bá kọjá jẹ, á máa bú tọmọdé tàgbà títí owó á fi jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ta ni yóò tún wá fi ara rẹ̀ dípò? Àbẹ̀ní mọ iye ènìyàn tí sísá òun yóò dè lókùn. Jòsáyà ò mọ̀, torí Jòsáyà kò ní ẹbí ní ìlú yìí. Òmìnira rọrùn fún ẹni tí kò ní ará ilé.

Kí ọ̀rọ̀ tún lè dí díẹ̀ sí i, ẹ wo inú ìjọ. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Abẹ́òkúta ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn míṣọ́nnárì. Mo wá fi ìwọ̀fà méjì sí ilé àgbà ìjọ tó kọ́ Jòsáyà ní ìwé kíkà. Ẹni tó fún un ní èrò náà ni kò lò ó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ojú ìwé kan tí ẹ fi gbèjà ẹni tí ẹ kò fara mọ́. Ẹ fún ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ dúró sí. Bó bá mọ ibẹ̀ lẹ́yìn tó kà á, ẹ padà sídìí ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá nǹkan kan tó ṣeé fọwọ́ mú

Àbẹ̀ní kò mọ̀wé. Jòsáyà, lẹ́tà òjé ló ń tò láti àárọ̀ dalẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọjọ́ 27 tí wọn kò ní ríra?

Àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sókùn: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá gbà, á dá mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ méjì tó dojú kọra: mo fẹ́ rí ọ lójúkojú. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn.

Àbẹ̀ní ló kọ́ Jòsáyà ní èyí. Òun ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń kọ́ ní ìwé! Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó fi mẹ́fà ránṣẹ́. Àbẹ̀ní so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Kò dá mẹ́jọ padà.

Ohun tí n kò tètè rí, tí owó ẹyọ fúnra rẹ̀ sì là mí lójú sí, ni pé ohun kan náà tí wọ́n fi ń sọ ìfẹ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè. Mo bá ki ìṣirò bọ inú rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Gbèsè tí mo dá sí Àbẹ̀ní lọ́rùn jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta: 60,000. Bí Jòsáyà bá fẹ́ fi owó yẹn ra Ìwé Ìròhìn, ẹ̀dà 500 ló máa rà. Ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù fún orí ẹnì kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ó lọ sanwó, alárùú mẹ́ta ló tẹ̀ lé e la ọjà Ìtòkú kọjá, gbogbo ayé ń wò. Kò sí ìfowóránṣẹ́ orí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ san owó nítorí obìnrin láyé ìgbà yẹn, ìlú á mọ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ibí yìí ni ọkàn ìwé náà wà. Olówó tẹ́ ẹní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó láti ìyálẹ̀ta. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, wọ́n kà á tán, ó dín mẹ́fà. Olówó ní òun ò lè gba owó tí kò pé. Jòsáyà ń wá inú àpò. Àbẹ̀ní tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹyọ mẹ́fà náà kúrò lókùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní. Owó pé.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í lẹ́yìn. Orí ìwé náà parí síbẹ̀.

*Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà:* wọ́n á rí nǹkan tó dára báyìí, wọ́n á wá ní kí ẹ̀dá ìtàn túmọ̀ rẹ̀. "Wò ó, ìfẹ́ rẹ ti di owó." Ẹ pa á mọ́lẹ̀! Òǹkàwé lójú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ́ nínú orí ìwé náà. Bí òǹkàwé bá ṣì lè sọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ó ti dúró.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìjà ẹnu

Ó máa dé ojú ẹ̀ tí wọ́n máa la ẹnu. Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ nìyí:

> "Jòsáyà, o ti rà mí bí ẹni ra ẹrú. Níbo ni òmìnira tí o ń sọ wà?"
> "Rárá, Àbẹ̀ní. Owó kò lè ra ọkàn. Ọlọ́run dá wa ní òmìnira."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò sí ènìyàn níbẹ̀ náà. Bí mo ṣe tún un kọ lẹ́yìn oṣù méje nìyí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sanwó ni, Jòsáyà wá sílé ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní:

> "Ẹ káàbọ̀." Kò dìde. Ẹ̀gúsí ló ń bó.
> "Láti ìgbà wo ni mo ti di 'ẹ'?"
> "Láti ìjẹta."
> Jòsáyà jókòó sórí odó tó dojú dé. "Mi ò rà ọ́."
> "Mo mọ̀." Èèpo ẹ̀gúsí já bọ́. "Olówó orí mi ni ìyá mi ń pe bàbá mi títí tó fi kú. Ẹ̀rín ló fi ń pè é. Ó wù mí kí èmi náà rí ẹni tí màá fi ẹ̀rín pè bẹ́ẹ̀."
> "Pè mí bẹ́ẹ̀."
> "Bí mo bá pè yín báyìí, òótọ́ ni mo ń sọ. Kò ní pa mí lẹ́rìn-ín."

Ẹ wò ó bóyá ẹ rí "òmìnira" níbẹ̀, tàbí "àyànmọ́". Olówó orí mi, tí a ń gbọ́ lẹ́nu ìyàwó lójoojúmọ́ láìbìkítà, ló gbé gbogbo ẹrù náà. Àǹfààní tí èdè wa fún wa nìyẹn. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì gbé e sẹ́nu ẹni tó ń dùn.

Ohun mẹ́ta ni mo ń ṣọ́ bí mo bá ń kọ irú ìjà yìí. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí kò ráyè wàásù. "Ẹ" àti "o" jẹ́ ohun ìjà, ẹ má fi wọ́n ṣòfò: bí obìnrin bá kúrò ní "o" bọ́ sí "ẹ", ó ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa dáhùn ohun tó dùn wọ́n, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bi wọ́n sílẹ̀.

Òwe ńkọ́? Ẹ dín in kù. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe". Bí Àbẹ̀ní àti Jòsáyà bá ń pa òwe mọ́ ara wọn láìdúró, bàbá arúgbó méjì ni òǹkàwé á máa rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jòsáyà pa òwe nínú ìwé mi, ó pa á lódì, olówó ló bá a tún un ṣe. Òǹkàwé rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé ọmọ náà kò tíì dé ilé tán.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìjà náà sínú fóònù láìdárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e fún àgbàlagbà yín. Bó bá pàdánù ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn méjèèjì ṣì jẹ́ tiyín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fọ ìwé náà mọ́ kúrò nínú ayé òde òní

Kíákíá ni mo máa sáré kọjá ibí, torí iṣẹ́ ìwé kíkà lásán ni.

Kòkó kò tíì sí lóko Ẹ̀gbá. Òwú àti epo pupa ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ ojú irin kò sí. Jòsáyà kò lè ní odindi Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́, torí 1884 ló tó pé. Apá kan rẹ̀ ló lè ní. Aago mẹ́ta wà ní ọgbà míṣọ́nnárì tí agogo ti ń lù. Níta, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan àti ìrọ̀lẹ́ ló wà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wọn dé ti wà lẹ́nu Mùsùlùmí ṣáájú: àdúrà, àlùfáà, ìwàásù. Àwọn olùtúmọ̀ Bíbélì ló yá wọn lò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún Èṣù. Àwọn olùtúmọ̀ fi orúkọ yẹn pe Sátánì. Bí Àbẹ̀ní bá ní "Èṣù ló ṣe é", òrìṣà oríta tó ń dán ènìyàn wò ló ní lọ́kàn. Sátánì ni Jòsáyà gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan, etí méjì. Mo rí odindi orí ìwé kọ látinú ẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" ńkọ́, tó kún gbogbo ojú ìwé? Nínú èdè wa, *fẹ́* kan náà ló ń wá nǹkan, tó ń fẹ́ràn, tó sì ń gbé ìyàwó. Bí Jòsáyà bá ní "Mo fẹ́ ọ", Àbẹ̀ní lè bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má fi "nífẹ̀ẹ́" tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti inú orí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wọn nínú ìwé Crowther ti 1852. Àìsí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò ní kó má sí lẹ́nu ará ìlú, àmọ́ ó tó ìdí láti béèrè lọ́wọ́ àgbà.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn olókìkí, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n dúró sí

Townsend wà ní Abẹ́òkúta. Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò ńlá obìnrin tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Á máa wù yín kí ó jókòó, kó gba Àbẹ̀ní nímọ̀ràn lójú ìwé mẹ́fà. Ẹ má dán an wò. Ẹ jẹ́ kó kọjá lọ́jà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí àwọn aláta dákẹ́, kí Àbẹ̀ní ronú nípa obìnrin tí kò sí ẹni tó lè kà á sórí ẹní. Ìyẹn tó.

*Àyẹ̀wò:* Bí olókìkí kan bá sọ ju gbólóhùn méjì lọ nínú ìwé yín, ìwé rẹ̀ lẹ ń kọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ parí rẹ̀ láìdáhùn

Ohun méjì ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń sá fún ìbéèrè wọn nígbà tó bá kù díẹ̀: ikú, tàbí ìgbéyàwó ńlá tí gbogbo ìlú ti jẹun. Nínú méjèèjì, ẹni kan ti jàre, òǹkàwé sì lè ti ìwé pa kó lọ sùn.

Mo ní Ifọ́lé lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ibi iṣẹ́ Jòsáyà ti tú ká. Àwọn kan ń bá àwọn òyìnbó lọ sí Èkó, wọ́n ní kí ó máa bọ̀. Ẹbí Àbẹ̀ní kò lọ síbì kankan. Ọ̀nà odò Ògùn ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ ń dúró.

Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ìparí yẹn. Lẹ́ẹ̀kìíní, Àbẹ̀ní sáré wá sétí odò. Mo jù ú nù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́, ẹ̀jọ, ìdáhùn tí Jòsáyà ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó dùn, ó dùn jù, ó sì parọ́, torí ọ̀rọ̀ wọn kò jọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, ìyẹn náà di pé olówó ló borí.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọdé kan wá sétí odò pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Jòsáyà kà á. Ó tún un kà. Méje ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ yín kó tún un kà. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán ní alẹ́ Sátidé, ó pè mí lórí fóònù, ó ti kọjá aago mọ́kànlá.

"Méje ńkọ́? Kí ni méje túmọ̀ sí?"

Mo ní àwọn kan gbà pé iye tí kò ṣeé pín sí méjì kì í gbé ire wá nínú àrokò.

"Èyíinì ni pé ó kọ̀ ọ́?"

Mo ní ó lè jẹ́ mẹ́fà tirẹ̀ ló dá padà, tó wá fi ẹyọ kan tara rẹ̀ lé e.

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ó ń ṣí ìwé. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni ó wí, "ó ti ná mẹ́fà yẹn lórí ẹní. Dúró ná. Jẹ́ kí n padà lọ wò ó."